Ẹ Wo Ẹ̀yìn Tẹlifíṣọ̀n Yín Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ DVD

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD tí àwọn èèyàn ń pè ní jákujàku, kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé òun àti tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so ó mọ́ ò gbọ́ èdè ara wọn ni, tàbí kí ó jẹ́ pé àwo tí wọ́n kì sí i lẹ́nu kì í ṣe irú èyí tó lè kà. Ọlọ́jà ò sì ní béèrè lọ́wọ́ yín pé irú tẹlifíṣọ̀n wo ló wà nílé. Páálí ni yóò gbé síwájú yín, tí yóò máa fìka tọ́ ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: 12000W, 1080P, 5.1, 3D. “Àǹtí, gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe o!” Nínú gbogbo ohun tó ń tọ́ka sí yẹn, agbára káká la fi máa rí méjì tó kàn yín.

Àwọn kan á ní ta ló tún ń ra DVD láyé tí a wà yìí. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé kan wò ní Òjé tàbí Bẹẹrẹ n'Íbàdàn, ẹ ó rí ìdáhùn níbẹ̀: fídíò ìgbéyàwó, fídíò ìsìnkú bàbá àgbà, wáàsí inú ààwẹ̀, ìwàásù ìsọjí, orin fújì tí wọ́n kọ lóde aríyá, àti fíìmù Yorùbá tí apá kìíní rẹ̀ wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí aládùúgbò ti yá apá kejì lọ láìdá a padà. Ẹ ò lè rí fídíò ìnáwó ilé yín lórí YouTube bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e síbẹ̀. Dátà ò sì rọ̀ lọ́rùn. Ìyá àgbà tó fẹ́ gbọ́ wáàsí rẹ̀ láìpe ọmọ kankan wá tẹ fóònù fún òun, ẹ̀rọ DVD ló rọrùn fún un jù.

Àwọn àwo tó jọra lójú

Àwo CD, VCD, DVD àti Blu-ray, sẹ̀ǹtímítà 12 ni fífẹ̀ gbogbo wọn, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. VCD jáde lọ́dún 1993. Fídíò tó lè gbà kò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, òun ló fà á tí fíìmù Yorùbá kan fi máa ń wà lórí àwo méjì, tí èèyàn á dìde lọ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìjà ìyálé àti ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. DVD tẹ̀ lé e. Japan ló ti kọ́kọ́ jáde, ní November 1996. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń gba 4.7 GB (GB ni wọ́n fi ń wọn ohun tí àwo lè gbà), ìyẹn sì ju ìlọ́po mẹ́fà ohun tí CD ń gbà lọ. Blu-ray dé ní 2006 ní tirẹ̀, ó ń gba 25 GB tàbí 50 GB.

Iná tín-ín-rín kan ló ń ka gbogbo wọn, ṣùgbọ́n iná wọn yàtọ̀ síra. Ti DVD jẹ́ pupa. Ti CD àti VCD, ojú èèyàn ò lè rí i. Ti Blu-ray fẹ́ jọ búlúù. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ DVD máa ń fi iná CD kún un, nítorí náà kò yẹ kí ẹ̀rọ DVD kankan kọ VCD yín. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní iná Blu-ray nínú wọn. Bí àbúrò yín tó wà ní London bá fi àwo Blu-ray ránṣẹ́ sí yín, NO DISC ni ẹ̀rọ DVD yóò kọ, bí ẹ fi ààrọ̀ tì í bọ̀ ọ́ títí di alẹ́. Ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń tún nǹkan ṣe. Ẹ wo ara páálí àwo náà, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ Blu-ray síbẹ̀.

Àwọn àwo tí wọ́n kọ “20 in 1” sí lára ní ti wọn, ẹ̀rọ á kà wọ́n, ṣùgbọ́n àwòrán wọn á máa hàn bí ìgbà tí wọ́n fi táìlì kékeré kékeré tò ó, pàápàá níbi tí èèyàn bá ti ń sáré. Ìṣirò ló wà níbẹ̀. Àwo tó ń gba 4.7 GB máa ń gba fíìmù wákàtí méjì tí àwòrán rẹ̀ yóò mọ́ kedere. Ogún fíìmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀, ọgbọ̀n wákàtí nìyẹn. Ohun tó yẹ kó gba àwo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n rún mọ́ ojú kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ olówó iyebíye ò lè dá ohun tí wọ́n ti gé dànù padà. (Ọ̀pọ̀ irú àwo bẹ́ẹ̀ tún jẹ́ ayédèrú, tí ẹni tó ná owó sórí fíìmù ò rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn tó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.)

Àwo tó ń fa wàhálà jù ni ti òde ìnáwó. Ẹni tó ya fídíò máa ń fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sórí àwo òfìfo, ọ̀nà méjì ló sì lè gbà ṣe é. Ó lè ṣe é ní àwo fídíò tí gbogbo ẹ̀rọ DVD mọ̀. Ó sì lè kàn da fáìlì rẹ̀ sórí àwo bí ẹni da á sórí fíláàṣì. Irú èyí á ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á sì kọ̀ jálẹ̀ nílé yín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ṣe é bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò parí iṣẹ́ ìkẹyìn tí yóò ti àwo náà pa, èyí tí wọ́n ń pè ní finalize. Kí ẹ tó san owó tó kù fún un, ẹ ní kó gbé àwo náà sínú ẹ̀rọ DVD gidi níṣojú yín. Kó má jẹ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ o.

Ihò wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ yí tẹlifíṣọ̀n yín padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ní fóònù, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Fọ́tò yẹn wúlò lọ́jà ju ohun tí ọlọ́jà fẹ́ sọ fún yín lọ.

Bí ó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó níkùn lẹ́yìn, ihò róbótó mẹ́ta ni ẹ ó rí: yẹ́lò, funfun àti pupa. Yẹ́lò ló ń gbé àwòrán. Funfun ń gbé ohùn apá òsì, pupa ń gbé ti apá ọ̀tún. Àwọn kan ò ní pupa rárá, yẹ́lò àti funfun nìkan ló wà níbẹ̀. Kò burú, ohùn á ṣì jáde. Ẹ̀rọ DVD tó rẹlẹ̀ jù lówó tó ihò mẹ́ta yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ oní-HDMI (ihò pẹlẹbẹ kan tí mo máa tó sọ̀rọ̀ rẹ̀) fún yín nígbà tí tẹlifíṣọ̀n yín ò ní ihò tí ẹ fẹ́ kì í bọ̀.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ló ń da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Lẹ́yìn wọn, ẹ lè rí gíríìnì, búlúù àti pupa, kí ẹ tún wá rí funfun àti pupa mìíràn, kí ẹ sì wá yẹ́lò tì. Gíríìnì, búlúù àti pupa àkọ́kọ́ yẹn, àwòrán ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Wọ́n pín in láàárín ara wọn kó lè mọ́ sí i. Pupa ti àwòrán àti pupa ti ohùn wà lórí ìlà kan náà, ohun tí ọ̀pọ̀ sì máa ń ṣe ni kí wọ́n ki wáyà ohùn bọ ihò àwòrán, kí wọ́n wá máa ní ẹ̀rọ ò sọ̀rọ̀ ní apá kan. Ní ti yẹ́lò tó sọnù, ẹ wo gíríìnì náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ Y/VIDEO sí i lábẹ́, tàbí tí wọ́n kun yẹ́lò díẹ̀ mọ́ gíríìnì rẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà yẹ́lò yín ń wọ̀. Ẹ ti wáyà náà bọ̀ ọ́ láìbẹ̀rù, kí ẹ fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yan AV.

Nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀ di ihò kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n kọ AV IN sí, ó rí bí ihò tí a ń ki wáyà etí bọ̀ lára fóònù. Wáyà kúkúrú kan máa ń bá tẹlifíṣọ̀n náà wá fún un, tí ẹnu kan rẹ̀ tín-ín-rín, tí ẹnu kejì sì ní yẹ́lò, funfun àti pupa. Páálí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn sọ wáyà yẹn nù mọ́. Bí ó bá ti sọnù, ẹ lè rí òmíràn rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta wáyà ní Dùgbẹ̀ tàbí Ìwó Road, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tó bá wọ ihò náà ló bára mu. Ìtò inú rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bí ẹ bá rí i pé ohùn ń jáde ṣùgbọ́n àwòrán ò sí, ẹ gbìyànjú kí ẹ pààrọ̀ yẹ́lò àti pupa fún ara wọn kí ẹ tó bínú sí wáyà náà.

HDMI ni ihò pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré sí òkè. Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé àwòrán àti ohùn, kò sí pé à ń wá àwọ̀ kiri. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá ní in, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi owó díẹ̀ kún un kí ẹ ra ẹ̀rọ DVD tó ní in. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé 1080P tí wọ́n kọ sára páálí á sọ àwo DVD di nǹkan mìíràn. Ìlà 576 ló wà nínú àwòrán DVD bí a ṣe ń lò ó níhìn-ín. Ẹ̀rọ kàn ń na ìlà yẹn tó fi máa kún 1080 ni. Ó máa ń mọ́ díẹ̀ sí i ju ti yẹ́lò lọ lóòótọ́, òkodoro ibẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ti ní ẹ̀rọ DVD tó jẹ́ yẹ́lò nìkan, tí tẹlifíṣọ̀n tuntun yín sì jẹ́ HDMI nìkan, àpótí kékeré kan wà tó ń sọ èkíní di èkejì. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. AV2HDMI lẹ fẹ́. HDMI2AV ń ṣe òdìkejì rẹ̀, bí ẹ bá gbé ìyẹn délé, kò ní ṣe ohunkóhun fún yín.

Ohùn ń jáde, àwòrán ò sí

Ọ̀rọ̀ yìí gba kí n dúró lé e lórí, torí owó tí àwọn èèyàn ń ná sí i lásán pọ̀. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lánàá. Ọmọdé fi rìmóòtù ṣeré. Lónìí, ohùn ń jáde geerege, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, tàbí kí ìlà máa sáré lórí rẹ̀ ní méjì-méjì, tàbí kí gbogbo rẹ̀ pọ́n fòò.

Lórí ọ̀pọ̀ rìmóòtù DVD, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ V-MODE, P-SCAN tàbí VIDEO sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ẹ̀rọ pé ihò wo ni kó gba gbé àwòrán jáde: ti yẹ́lò, ti gíríìnì pẹ̀lú búlúù àti pupa, tàbí HDMI. Tí ọmọ bá ti tẹ̀ ẹ́, àwòrán á yà síbi tí ẹ ò so wáyà kankan mọ́, ohùn ò sì ní kúrò níbi tó wà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí àwòrán á fi padà. Lára àwọn mìíràn, ẹ ní láti yọ àwo kúrò nínú ẹ̀rọ kó tó gbọ́.

Bọ́tìnnì kékeré mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń wà níwájú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: tàn-án, ṣí i, bẹ̀rẹ̀, dúró. Ẹ ò lè fi wọ́n dé inú SETUP, ibi tí a ti ń yí ètò ẹ̀rọ padà. Rìmóòtù nìkan ló ń débẹ̀, ẹni tó bá sì sọ rìmóòtù nù ti sọ ìdajì ẹ̀rọ rẹ̀ nù nìyẹn. Bí ẹ bá dé inú SETUP tí apá kan rẹ̀ ṣú, tí kò jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ tẹ STOP lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ẹ yọ àwo. Apá yẹn á ṣí.

Nínú SETUP yìí náà ni TV TYPE wà. 4:3 ni ti tẹlifíṣọ̀n oníkùn, 16:9 ni ti pẹlẹbẹ. Bí ìyàwó bá tín-ín-rín tó sì gùn gbọọrọ nínú fídíò ìgbéyàwó, tàbí tí gbogbo ẹbí sanra lójijì, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tún ṣe. Ìlà dúdú tó máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀ fíìmù òkè òkun kì í ṣe àìsàn; bí wọ́n ṣe ya fíìmù náà ló fà á.

Àwo tó ti òkè òkun wá

Ohun méjì ló lè dí àwo Amẹ́ríkà lọ́nà, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà agbègbè. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù pín ayé sí agbègbè mẹ́fà: Amẹ́ríkà àti Kánádà wà ní 1, Yúróòpù àti Japan ní 2, àwa ní Nàìjíríà wà ní 5 pẹ̀lú Íńdíà àti Rọ́ṣíà. Àwòrán ayé kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn páálí àwo, nọ́ńbà á wà láàárín rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti sé mọ́ 1 ò ní ka 5, bẹ́ẹ̀ ni ti 5 ò ní ka 1. Àwo tí wọ́n kọ ALL tàbí 0 sí kò ní ààlà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Ṣáínà olówó pọ́ọ́kú ni kì í ka ààlà yìí sí, ibi kan nìyí tí èyí tó rẹlẹ̀ lówó ti ń ṣe dáadáa ju àgbà lọ.

Èkejì ni PAL àti NTSC, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to àwòrán. PAL là ń lò níhìn-ín: ìlà 576, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Amẹ́ríkà ń lo NTSC, tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 480, tí àwòrán rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30. Bí ẹ̀rọ bá ń gbé NTSC jáde tí tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀ ọ́n, àwòrán á jáde ní dúdú àti funfun bí ìgbà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1959, tàbí kó máa yí láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ wọ SETUP, ẹ wá TV SYSTEM, kí ẹ yan PAL. AUTO dára bí tẹlifíṣọ̀n yín bá gba méjèèjì.

Fíláàṣì

Ẹ̀rọ DVD tó ní ihò USB wọ́pọ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń fi ń polówó rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ fídíò tí fóònù yín yà àti èyí tí ẹ gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, MP4 ni púpọ̀ nínú wọn, irú tí ẹ̀rọ DVD olówó kékeré ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni MPEG àti, bó bá gbìyànjú, AVI tí wọ́n fi DivX tàbí Xvid ṣe. Orúkọ fáìlì á hàn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí, tàbí kí ohùn máa lọ láìsí àwòrán. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín kó fíìmù sí fíláàṣì pé Xvid lẹ fẹ́. Ó tún yẹ kí ọ̀nà tí wọ́n gbà to inú fíláàṣì náà jẹ́ FAT32, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí ò mọ NTFS tàbí exFAT. FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n yín ná, ṣáájú gbogbo èyí. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní USB, ó ṣeé ṣe kó máa ka MP4 láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tó bá jẹ́ torí fíláàṣì nìkan lẹ ṣe fẹ́ ra DVD, ẹ dá owó yín padà sápò.

Iná NEPA, 12000W àti tòkunbọ̀

Ẹ yí ẹ̀rọ náà padà, ẹ ka bébà kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan bíi 100-240V, 50/60Hz, 15W. Wáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbà lọ́wọ́ NEPA nìyẹn. Ẹ wá gbé e ko 12000W PMPO tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí: níbo ni ẹ̀rọ tó ń gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún méjìlá? Nọ́ńbà ìpolówó ni PMPO, ẹ má sanwó lé e. Nǹkan kan dára níbẹ̀ ṣá: 15W kéré débi pé ìnfátà kékeré lè gbé e pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tí kò tóbi, láìtan jẹ́ńẹ́rétọ̀ rárá.

Bébà yẹn ló tún ń sọ bóyá tòkunbọ̀ dára fún yín. 230V ni iná wa. Èyí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bá iná wa mu, ó sì mọ PAL, bó tilẹ̀ lè jẹ́ pé wọ́n ti sé e mọ́ agbègbè 2. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá lè jẹ́ 120V nìkan, ti Japan 100V nìkan. Irú bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní tààrà, èéfín ló máa kọ́kọ́ rú. 100-240V ò níṣòro. Èrò tèmi ni pé tòkunbọ̀ ilé iṣẹ́ gidi lágbára ju tuntun tí wọ́n yí lẹ́tà kan padà nínú orúkọ rẹ̀ kó lè jọ ti gidi, bí lẹ́ńsì rẹ̀ bá ṣì mọ́lẹ̀. Lẹ́ńsì lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn kékeré tó ní ojú tirẹ̀ lórí, tí wọ́n ń pè ní portable EVD, DVD lásán ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà. EVD jẹ́ oríṣi àwo tí Ṣáínà gbé jáde ní 2003, kò gbilẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fi kọ́bọ̀ kún owó, bẹ́ẹ̀ náà ni 3D tí wọ́n kọ sí i. Bátìrì rẹ̀ ni kí ẹ rà á fún.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwo tiwọn dán an wò fún yín. Àwo yẹn ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú àwo mẹ́ta dání láti ilé: VCD àtijọ́ kan, DVD kan, àti àwo òde ìnáwó kan tó ti ha díẹ̀. Ẹ fi rìmóòtù sáré lọ sí ìparí DVD náà, torí àárín ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwo lọ sí etí, etí yẹn sì ni lẹ́ńsì tó ti rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ sí. Ẹ ṣí ẹnu rẹ̀, ẹ pa á dé, lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá ń lọ́ra tàbí tó ń kígbe, rọ́bà kékeré tó ń fà á ti ń dẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì.

NO DISC

Nígbà tí ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ NO DISC, ẹ fi àwo mìíràn wò ó ná. Bó bá ń ka VCD ṣùgbọ́n tí kò ka DVD, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iná pupa ló ti ń rẹ̀. Bí kò bá ka ìkankan, eruku ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, pàápàá lákòókò ọyẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń tú irin á tú ìdérí rẹ̀, á rí ojú kékeré kan tó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀: lẹ́ńsì nìyẹn. Kó fi òwú tó rin díẹ̀ fún spírítì nù ún wẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kó gbẹ. Kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ náà nígbà tí ìdérí wà nílẹ̀ kó wá máa yọjú wo iná rẹ̀. Iná yẹn lè ba ojú jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú ọlọ́jà, ẹ má tú u rárá, ẹ gbé e padà.

Tí wọ́n bá ní lẹ́ńsì ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ béèrè iye rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ kí wọ́n tó tú u. Lára ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, kò jọ mí lójú pé ó tọ́ bí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì owó tuntun.

Àwo náà fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín jáde sí etí. Ẹ má nù ún ní róbótó, torí ìlà tó bá ha yípo máa ń bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ ò sì ní rí ìyókù fi ṣe àtúnṣe. Ní ti CD àti VCD, ojú òkè tí wọ́n kọ̀wé sí ló lẹgẹ́ jù, ohun tí wọ́n kọ wà lábẹ́ ọ̀dà ibẹ̀ gan-an. Ẹ má fi báírò kọ nǹkankan sí i. Ti DVD wà láàárín ike méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Bí fíìmù bá sì dúró gbọn-in fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan láàárín, tó sì tún ń lọ, ó lè jẹ́ pé àwo onípele méjì ni, tó ń gba 8.5 GB, tí lẹ́ńsì ń bọ́ sórí ìpele kejì.

Àwo òde ìnáwó tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ, aró kan ló wà nínú rẹ̀ tí òòrùn àti ooru máa ń bà jẹ́, nítorí náà kì í pẹ́ tó èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀. Ẹ má tò ó sójú fèrèsé. Nígbà tó ṣì ń ṣí, ẹ gbé e lọ fún ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì ní ẹnu àwo (ọ̀pọ̀ àwọn tuntun ò ní in mọ́), kó kó o sí fíláàṣì méjì fún yín, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹnìkan nínú ẹbí, kí ẹ sì wò ó dé òpin kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.